Àtùpà Arógunmásàá

Ọkọ mi kì í pariwo. Ẹ má rò pé mò ń yìn ín o. Àwọn ọkùnrin kan máa ń jágbe, wọ́n á gbá ilẹ̀kùn gbàà, o ṣáà máa mọ̀ pé nǹkan ń dùn wọ́n. Tèmi, "Ó dáa" ló máa sọ, á kọjú sí ògiri, á sùn. Ẹni tí inú ń bí, kó lọ máa bá ìkòkò sọ̀rọ̀ nílé ìdáná.

Búrẹ́dì ló ń ṣe, òru ni wọ́n sì ń ṣe búrẹ́dì. Èmi, aṣọ ni mò ń gé, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì àti ti ọmọ iléèwé. Bí mo bá ń wọ bàtà láàárọ̀ ni òun ń bọ́ tiẹ̀, ìyẹ̀fun á ti sọ ìpéǹpéjú ẹ̀ di ti bàbá arúgbó. Ọ̀rọ̀ wa kì í ju gbólóhùn méjì lọ. "Omi gbóná wà lórí iná." "Búrẹ́dì wà lórí tábìlì." Ó parí. Àlùmọ́gàjí ló ń pè mí. Ó ní torí iṣẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnu mi ló ń bá wí. Oníbúrẹ́dì ni èmi náà ń pè é, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí a ti ń bá a bọ̀ báyẹn, tẹ̀rín tẹ̀rín.

Àbúrò ẹ̀ obìnrin ló gbé eré náà wá bá wa. Adúmáadán ni mo sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ tí mo wọ ilé wọn, ó sì yẹ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣiṣẹ́ jẹun, òun fúnra ẹ̀ ló sì ṣe eré náà. Kò ní àwòrán, kò ní orin. Ọ̀rọ̀ lásán ni. Fóònù á kọ ọ́ sí ẹ lójú pé o wà nínú yàrá tóóró kan, ilẹ̀kùn wà lọ́tùn-ún, àkàbà wà níwájú. Ìwọ náà á tẹ ohun tí o fẹ́ ṣe: lọ sí ọ̀tún, gun àkàbà, mú kọ́kọ́rọ́. Á wá sọ ohun tó tìdí ẹ̀ yọ fún ẹ. Akọni kan ni ìwọ ń darí, inú àjà ilẹ̀ ńlá kan ló ń rìn, àjà lábẹ́ àjà, nísàlẹ̀ pátápátá sì ni ilẹ̀kùn kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí.

"Ilé kan, akọni kan," ni Adúmáadán wí. "Mo ṣì ń dán an wò ni. Bó bá sì kú, ó kú nìyẹn. Kò sí àjíǹde."

Mo ní, "Adúmáadán, ẹ̀yin náà mà le o! Ẹ ò ní ṣàánú ẹni?"

"Ìyàwó wa, bí kò bá lè kú, kí lẹ máa wá ṣọ́ra fún?"

Orúkọ ńlá la sọ akọni tiwa: Arógunmásàá. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ inú àjà, eku kan yọjú sí i, ló bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Oníbúrẹ́dì ló tẹ̀ ẹ́ pé kó sá. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ikùn fi ń dùn mí.

Fóònù kálukú wa la fi ń ṣe eré náà, ṣùgbọ́n Arógunmásàá kan náà ni. Ibi tí mo bá fi í sí ní ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ mi á ti bá a nígbà tí ìyẹ̀fun wọn bá ń wú. Ibi tí òun náà bá fi í sí ni màá ti bá a lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a bá gba ìsinmi ọ̀sán. Àwọn ìgbà mìíràn, màá yẹ àpò Arógunmásàá wò, màá bá nǹkan níbẹ̀ tí kì í ṣe èmi ló mú un: òkúta aláwọ̀ ewé, ìyẹ́ ẹyẹ kan. Kí lèèyàn ń fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe nínú àjà ilẹ̀? Ọkọ mi ló ṣà á fún mi. Màá máa dá rẹ́rìn-ín nídìí tábìlì mi bí ẹni tí wọ́n ń rín nígàkè. Ká sọ tòótọ́, inú eré yẹn la ti ń gbé pọ̀ bíi tọkọtaya.

Ìgbà náà ni ọ̀gá wa obìnrin pè mí wọ ọ́fíìsì. Wọ́n fẹ́ ṣí ilé iṣẹ́ kejì ní ìlú kan tó jìnnà, tó jẹ́ pé bí o bá wọ bọ́ọ̀sì ní ìdájí, ilẹ̀ á ti máa ṣú kí o tó débẹ̀. Wọ́n ní kí n wá ṣe olórí àwọn agéṣọ níbẹ̀. Èmi! Èmi tó ti pẹ́ tí mo ti ń gé aṣọ lábẹ́ ọkùnrin kan tí apá ọ̀tún àti apá òsì kì í dọ́gba lọ́wọ́ ẹ̀, tí yóò sì máa di ẹ̀bi náà ru àwọn tó ń rán an. Ọ̀gá ní kí n lọ rò ó, kí n fèsì nígbà tó bá di ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù.

Mo dúró de Oníbúrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó ṣe ń bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún un, látorí orúkọ ìlú náà dórí tábìlì gígùn tí wọ́n ní wọ́n máa rà. Ó wò mí. Ó bọ́ bàtà kejì.

"Ó dáa," ló wí. Ó wọlé lọ sùn.

Ó dáa báwo? Ó dáa kí n lọ, àbí ó dáa kí n jókòó? Inú ẹ̀ dùn ni, àbí ó ní kí n máa kó ẹrù mi lọ? Ṣé kò ní béèrè pé àwa méjèèjì wá ńkọ́? Èmi náà ò bi í o. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dùn wọra kì í béèrè, ṣe ló máa ń retí. Mo retí dọjọ́ kejì. Ó kí mi káàárọ̀, mi ò dá a lóhùn. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa yodì nìyẹn.

Kí n má purọ́ fún yín, ẹ̀rù ń bà mí. Iṣẹ́ yẹn wù mí débi pé mò ń gé aṣọ lójú àlá. Ọkọ mi náà, pẹ̀lú gbogbo dídákẹ́ ẹ̀, mi ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Mi ò sì mọ̀ bóyá ọwọ́ mi lè tó méjèèjì.

Nígbà tó yá, ìjà náà dórí Arógunmásàá. Bí mo bá jẹun ọ̀sán tán, màá mú un sọ̀kalẹ̀: á kọjá lọ́dọ̀ eku, á gba orí afárá onígi, á la yàrá ìkòkò kọjá, á máa sún mọ́ ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kí n ṣí fóònù, kí ni mo rí?

*O wà lẹ́nu àjà ilẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ arúgbó kan ń sùn lórí àga. Ìkòkò epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.*

Ẹnu àjà! Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀! Bí ẹni fa ọmọ létí padà sílé. Màá tún mú un sọ̀kalẹ̀, kíákíá, tìbínú tìbínú. Bó bá di ọjọ́ kejì, ẹnu àjà, ẹ̀ṣọ́ arúgbó, ìkòkò epo. Mi ò tiẹ̀ ka ìkòkò epo sí. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, ó ti yé mi wàyí. Ọkùnrin yìí ò fẹ́ kí n lọ síbì kankan. Kò lè fẹnu sọ ọ́, ló bá ń fi Arógunmásàá sọ ọ́.

Àyè wà nínú eré náà láti fi èédú kọ nǹkan sára ògiri. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sí yàrá ìkòkò: ẸNI TÍ Ẹ̀RÙ BÁ Ń BÀ KÓ JÓKÒÓ SÍLÉ. Lọ́jọ́ kejì, mo bá èsì nísàlẹ̀ ẹ̀: *Ẹ káàárọ̀, mà.*

Ẹ! Mà! Ọkùnrin tí a jọ ń pe ara wa ní "ìwọ" látìgbà tí a ti ń fẹ́ra! Díẹ̀ ló kù kí n gé ìka ara mi mọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ Ajé tí mo ní láti fèsì, mi ò lọ síbi iṣẹ́. Oníbúrẹ́dì pẹ́ kó tó dé. Mo gbọ́ tó ń sọ fún aládùúgbò wa lẹ́nu ọ̀nà pé ààrò àwọn dàmú àwọn, pé àwọn ò ráyè jókòó rárá. Kò jẹun. Ó wọ yàrá, ó ṣubú lé bẹ́ẹ̀dì tòun tìyẹ̀fun.

Mo gbé tíì mi kalẹ̀ nílé ìdáná, mo ṣí eré náà. Ẹ wò ó, Arógunmásàá ò kúrò níbi tí mo fi í sí! Ó ti kọjá yàrá ìkòkò dáadáa, ìsàlẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní ó ti sú u nìyẹn, mo ti borí. Àmọ́ kò dùn tó bí mo ṣe rò. Mo yẹ àpò wò, bóyá ìyẹ́ ẹyẹ wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan.

Mo tẹ̀ ẹ́: sọ̀kalẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́: sọ̀kalẹ̀. Mo dé ibi tí mi ò dé rí, yàrá gbọọrọ kan tí ilẹ̀ ẹ̀ kún fún ọ̀gbun. Mo ní kó máa lọ síwájú. Àfi bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe yọ:

*Àtùpà rẹ kú. Epo ti tán. Òkùnkùn bò ọ́. O gbọ́ ìró omi tó ń ya wọlé.*

Mo ní, "Epo kẹ̀?" Mo ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Kí n tó tẹ nǹkan kan, òmíràn ti yọ: *Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ.*

Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kan ṣì báyìí, ọ̀gbun. Bí mo bá dúró, omi. Mo pa fóònù dé, mo tún un ṣí. *Omi ti dé orúnkún rẹ.* Mo sáré pe Adúmáadán.

"Adúmáadán, ẹ gbà mí! Ẹ bá mi dá omi yìí dúró!"

"Ìyàwó wa, mi ò kí ń ṣe ojúsàájú. Bí mo bá dá a dúró fún yín, mo ní láti dá a dúró fún gbogbo ayé."

"Arógunmásàá mà fẹ́ kú o!"

Ó ní, "Ẹni tó mọ yàrá yẹn dáadáa wà nílé yín. Ẹ lọ jí i." Ó sì gbé fóònù ẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ burúkú.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí mi ò ti pe orúkọ ọkùnrin yẹn. Ó ń hanrun. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló pàdánù, ṣé ẹ mọ̀ bí yodì ṣe rí. Mo wo fóònù. *Omi ti dé ìbàdí rẹ.* Mo ní, kí n kúkú pàdánù.

"Oníbúrẹ́dì! Dìde! Arógunmásàá ń kú lọ!"

Ó fò dìde jókòó, ojú ẹ̀ kò tíì là tán. "Ibo ló wà?"

"Yàrá ọ̀gbun. Àtùpà ti kú."

"Kú ṣe báwo? Ṣé o ò wo epo ni?"

"Epo wo?"

Ó wò mí bí ẹni tó rí iwin. "Àlùmọ́gàjí. O kì í wo àtùpà?"

"Ta ló ń wo àtùpà?"

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Nísàlẹ̀ yẹn, epo tó wà nínú ẹ̀ kì í ju ìrìn ọjọ́ kan lọ! Kí lo wá rò pé mò ń bá lọ sí ẹnu àjà lálaalẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà gbá mi láyà. Ẹnu àjà, ẹ̀ṣọ́ arúgbó, ìkòkò epo. Ọjọ́ gbogbo ni wọ́n ń kọ ọ́ sí mi lójú, èmi ò rí ju ìbínú mi lọ. Lálaalẹ́ ni ọkùnrin yìí ń gbé Arógunmásàá gun òkè láti ìsàlẹ̀ àjà, kó lè rọ epo sí àtùpà tí èmi máa tàn lọ́sàn-án. Àná nìkan ni kò ráyè, torí ààrò.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé o mọ̀ ni. O tiẹ̀ bú mi sára ògiri."

"Ìwọ náà wá kí mi ní ẹ káàárọ̀ mà!"

"Kí ni ǹ bá sọ?" Ó fi ọwọ́ nu ojú, ìyẹ̀fun ń já bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. "Kí n sọ òótọ́. Alẹ́ àkọ́kọ́, ìbínú ni mo fi gbé e padà. Mo ní kò sí ibi tó ń lọ. Ìgbà tí mo dé òkè ni mo wo àtùpà, epo tó kù kò ju ẹ̀kán lọ. Mo ní háà, ká ní ó wà nísàlẹ̀, ìyàwó mi ì bá dé bá òkùnkùn. Látọjọ́ náà ni mi ò ti lè ṣe é bíi ti ìbínú mọ́."

*Omi ti dé àyà rẹ,* ni fóònù wí.

"Jókòó," ló wí. Ó yẹ̀ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ojú ẹ̀ méjèèjì. Ó ní àwọn alẹ́ mìíràn, kí òun tó gbé Arógunmásàá gòkè, òun á kọ́kọ́ lọ yẹ iwájú wò, kí òun lè mọ ibi tí ọ̀gbun wà. "Fọwọ́ òsì kan ògiri. Lọ síwájú. Tún lọ síwájú. Dúró! Ọ̀tún báyìí. Ẹsẹ̀ kan péré. Padà sí òsì."

Mò ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń wí. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń yọ lẹ́yìn gbogbo ìgbésẹ̀: *Ilẹ̀ gbà ọ́.* Mi ò mọ̀ pé gbólóhùn tó kúrú báyẹn lè dùn tó báyẹn.

*Ilẹ̀ gbà ọ́. Ọwọ́ rẹ kan irin tútù. Ilẹ̀kùn ni. Omi ti dé ọrùn rẹ.*

Oníbúrẹ́dì la ojú. "Òun nìyẹn. Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀."

"O ti dé ibí rí?"

"Mo dé e lóru ọjọ́ kan. Àtùpà ṣì ń jó."

"Kí ló dé tí o ò wọlé?"

"Ìwọ ló wù láti wọ̀ ọ́. Kí n wá wọ̀ ọ́ kí ni?"

Omi lé sí mi lójú, kì í ṣe ti inú eré. Mi ò tẹ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n tẹ̀ ẹ́, omi wà lọ́rùn ọmọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti há mi lọ́fun látọjọ́ yìí ló jáde.

"Ṣé o fẹ́ kí n lọ?"

Ó mọ̀ pé kì í ṣe ilẹ̀kùn náà ni mò ń sọ. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọwọ́. "Láti bí ọjọ́ mélòó wá tí o ti ń bá mi yodì," ló wí, "ta ló ń rọ epo sí àtùpà ẹ?"

"Ìwọ ni," ni mo wí.

"Ó dáa tí mo wí yẹn, ó dáa náà ni mo ní lọ́kàn. Ẹ̀rù bà mí ni, mi ò wá mọ èyí tí mo lè fi kún un. Mi ò mọ ẹnì kankan ní ìlú yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó nídìí ààrò. Ibi tí wọ́n bá ti ń wọṣọ, wọ́n á máa jẹ búrẹ́dì."

Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹkún ló bá dé. Mo ní, "Màá sọ fún ọ̀gá lọ́jọ́ Ajé pé mò ń bọ̀."

"Sọ pé à ń bọ̀. Jọ̀wọ́, tẹ nǹkan yẹn kí ọmọ yìí tó mumi kú!"

Mo tẹ̀ ẹ́: ṣí ilẹ̀kùn. Mo tẹ̀ ẹ́: wọlé.

Fóònù dákẹ́. Ó pẹ́ débi pé a gbọ́ tí aládùúgbò wa ń gbálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

*Omi dúró sẹ́yìn. O wà nínú gbọ̀ngàn kan tí òpin rẹ̀ kò hàn. Ènìyàn kan ló ń sọ̀kalẹ̀ dé ibí. Méjì ló ń rìn ín já. Kí ni orúkọ ẹnìkejì rẹ?*

A wo ara wa. Ẹnìkejì! Adúmáadán, ọmọ burúkú, ọmọ dáadáa! Gbogbo ìgbà tó ń sọ pé ilé kan, akọni kan, ó ti fi ìkejì pa mọ́ sísàlẹ̀. Oníbúrẹ́dì gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ìka tó ń pò ìyẹ̀fun ti nípọn jù fún lẹ́tà kéékèèké, ó ń ṣì í tẹ̀, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un tẹ̀. Orúkọ tó tẹ̀ ni Àlùmọ́gàjí.

*Àlùmọ́gàjí dé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Arógunmásàá. Kí ni ó fẹ́ ṣe?*

Ó dá fóònù padà fún mi. "Ìwọ nìyẹn. Níbo la kọrí sí?"

Fóònù ní ọ̀nà méjì ló wà níwájú, ọkàn mi sì ti ń sáré lọ sí èyí tó wà lọ́tùn-ún bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo dá ara mi dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti gbé eré yìí wá sílé wa, mo tẹ̀ ẹ́: wo àtùpà.

*Àtùpà rẹ kún. Ti Arógunmásàá ti gbẹ.*

Mo yíjú sí ọkọ mi láti fi hàn án, ṣùgbọ́n oorun ti tún gbé e lọ, níbi tó jókòó sí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìpéǹpéjú ẹ̀. Mi ò jí i. Mo gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi aṣọ bò ó, mo sì tẹ̀ ẹ́ pé kí Àlùmọ́gàjí bu epo fún Arógunmásàá.